HERBERT MACAULAY: ỌKÙNRIN TÍ Ó KÓ ÈKÓ LỌ SÍBI ÌBÒ

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ètò ìwé yìí ní kí n kọ ìtàn akọni Yorùbá kan sínú rẹ̀, àwọn kan ti rò pé Ògèdèǹgbé tàbí Ògúnmọ́lá ni n óò mú. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí ó ti ń jẹ́ àdììtú sí mi láti kékeré. Ní ọdún 1979, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba gbé owó bébà náírà kan tuntun jáde. Àwòrán bàbá onírunmú kan wà lára rẹ̀, irunmú náà sì yọ sí ọ̀tún, ó yọ sí òsì, bí ìyẹ́ ẹyẹ. Àwa ọmọ kíláàsì a máa fi èédú ya irú rẹ̀ sí ètè ara wa, tíṣà a sì máa nà wá. Ní 1991 tí mo dé Enugu wá ṣòwò aṣọ, ìjọba tún ṣe náírà kan onírin, orí bàbá yẹn kan náà ni wọ́n tún tẹ̀ sí i. Lónìí, náírà kan kò ra ohunkóhun mọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò sì mọ bí ó ti rí. Ẹni tí ó wà lára rẹ̀ ni Ọláyínká Herbert Macaulay.

Ìdí tí mo fi mú un ni àríyànjiyàn kan tí ó bẹ́ sílẹ̀ nínú ìpàdé wa níhìn-ín ní Idaw River Layout. Owó gbọ̀ngàn ni a ń sọ, ọ̀rọ̀ wá yí sórí ìbò. Àgbà kan ní ìbò ìlú yìí kò kàn wá, pé àjò ni a wà, ilé ni a ó padà sí. Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àgbà, ó ní òun kò mọ ilé mìíràn ju Enugu lọ, ibí ni wọ́n bí òun sí, ibí ni òun ti ń san owó ilé àti owó iná. Ohùn bá ròkè. Ẹnìkan tún mú ọ̀rọ̀ wàhálà tí àwọn ará ìhín rí ní Èkó nígbà ìbò gómìnà ní oṣù kẹta ọdún 2023 wá. Ó ní bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn lọ́hùn-ún, ojú wo ni àwa yóò fi tò sórí ìlà níhìn-ín? Kò sẹ́ni tí ó lè dá a lóhùn. Alága lu tábìlì, a gbàdúrà, a túká. Mo dé ilé, oorun kò kùn mí. Macaulay ni mo ń rò, nítorí ọmọ àlejò ni òun náà ní Èkó, bẹ́ẹ̀ Èkó tẹ̀ lé e fún nǹkan bí ogójì ọdún.

Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní Èkó, ọdún kẹta lẹ́yìn tí àwọn Òyìnbó gba ìlú náà lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ni ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, èyí tí í ṣe ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Ìyá rẹ̀ Abigail, ọmọ Àjàyí Crowther ni. Gbogbo wa ni a mọ Àjàyí, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Òyìnbó gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí ó sì kàwé ní Sàró. Ọdún 1864 yẹn gan-an ni wọ́n fi Àjàyí jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú ìran méjèèjì tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó. Sàró ni àwọn onílé ń pè wọ́n, àwọn aláṣọ Òyìnbó tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín ara wọn. Bàbá kú ní 1878 kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́rìnlá.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, Herbert wọ iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ní 1881. Ní 1890 ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà àti ilẹ̀ wíwọ̀n. Ó padà dé ní 1893, wọ́n fi ṣe awọnlẹ̀ ìjọba. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé iṣẹ́ kan náà ni òun àti Òyìnbó ń ṣe, owó kan náà kọ́ ni wọ́n ń gbà. Ní 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ó gbé Caroline Pratt níyàwó. Ìyàwó náà kú sórí ìbí ní ọdún kejì. N kò ní sọ púpọ̀ lórí èyí, ọ̀rọ̀ ilé ènìyàn ni.

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n tí ó dá ṣe ni ó sọ ọ́ di ará ìlú. Awọnlẹ̀ kì í jókòó sí ọ́fíìsì. Ó níláti wọ inú agboolé, kí ó bi bàbá àgbà léèrè ibi tí ààlà wà, kí ó gbọ́ ẹjọ́ àbúrò àti ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin tí ń wọ kóòtù funfun àti táì lábálábá, tí ń ta fayolíìnì ní ilé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kirsten Hall, òun náà ni ó ń jókòó lórí ẹní pẹ̀lú àwọn olóyè funfun. Ó mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, ó mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní Ejò-n'ígboro. N kò mọ orúkọ tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ń yọ́ wọ gbogbo ilé.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó kọ́kọ́ da ìlú pọ̀. Nǹkan bí 1908, ìjọba ní òun fẹ́ ṣe omi ẹ̀rọ láti Ìjù wá sí Èkó, kí ará ìlú máa san owó orí omi náà. Àwọn ará Èkó ní àwọn ní kànga, àwọn ní omi òjò, pé àwọn Òyìnbó tí kò lè mu omi kànga ni kí ó san owó omi wọn. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn rọ́ lọ bá Gómìnà. Àwọn dókítà méjì tí ó lókìkí, Randle àti Ọbasá, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún náà, People's Union, láti bá ìjọba jà lórí omi àti ilẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn dókítà rò ó, wọ́n rí i pé omi mímọ́ dára fún ara, wọ́n sì gbà pé kí wọ́n san owó náà. Bóyá wọ́n tọ̀nà. Lónìí tí a ń fi owó ra omi tánkà ní Enugu, èmi kò lè bú ẹni tí ó fẹ́ omi ẹ̀rọ. Ohun tí ó bà wọ́n jẹ́ ni pé wọn kò bi ìlú léèrè kí wọ́n tó yí ọ̀rọ̀ padà. Ìlú kúrò lẹ́yìn wọn. Ọ̀dọ̀ Macaulay ni wọ́n yà sí, nítorí pé òun dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Ní 1916 tí wọ́n wá gba owó omi náà tipátipá, Èkó gbóná.

Lẹ́yìn omi, ilẹ̀ ló kàn. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá tí í ṣe ti ìdílé Olóyè Amodu Tijani Oluwa. Wọ́n ní olóyè kò ní ilẹ̀, pé ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń gbà lórí rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé London. Ní 1920 Macaulay bá olóyè náà wọkọ̀ òkun, ó ṣe agbẹnusọ àti akọ̀wé fún un. Ní 1921 ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá olóyè láre pé ti gbogbo ìdílé ni ilẹ̀, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bí ó ti yẹ fún onílẹ̀. £22,500 ni wọ́n san nígbẹ̀yìn. Ẹ ronú ohun tí £22,500 jẹ́ ní ayé ìgbà náà! Ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ Èṣúgbàyí, ọba Èkó, ni wọ́n gbé dání lọ sí London, Macaulay sì ṣe bí ẹni pé Ẹlẹ́kọ̀ ni olórí gbogbo mílíọ̀nù ènìyàn ilẹ̀ wa. Inú bí ìjọba. Wọ́n ní kí Ẹlẹ́kọ̀ sẹ́ ẹ, Ẹlẹ́kọ̀ kò sẹ́ ẹ tó bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n bá yọ ọwọ́ ìjọba kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ní 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún 1931 ni ó tó padà sí Èkó, lẹ́yìn tí Macaulay àti àwọn lọ́yà ti bá a ṣe ẹjọ́ títí dé London. Ọba náà wàjà ní 1932.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ omi, ilẹ̀ àti ọba pẹ́, n kò sì tíì dárúkọ ìbò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kò sí ìbò ní gbogbo àkókò yẹn fún Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ará Èkó fi ń péjọ, tí wọ́n ń jiyàn, tí wọ́n ń dá owó lọ́yà, tí wọ́n ń rán ikọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fún wọn ní àpótí ìbò. Nígbà tí àpótí dé, ìlú ti wà lórí ìdúró.

Òfin Gómìnà Clifford ti 1922 ni ó gbé ìbò náà wá. Èkó ní ìjókòó mẹ́ta, Calabar ní ọ̀kan, ìyókù ilẹ̀ Nàìjíríà kò ní nǹkan kan. Enugu ìgbà náà, ìlú èédú tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá. Ọkùnrin nìkan ni ó lè dìbò, ó sì gbọ́dọ̀ máa rí £100 lọ́dún, èyí tí akọ̀wé kékeré tàbí apẹja kò lè rí. Nínú Èkó tí ènìyàn inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000 nígbà ìkànìyàn 1921, àwọn tí orúkọ wọ́n wọ ìwé ìbò kò ju nǹkan bí 4,000 lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òfin náà tí mo fẹ́ kí àwa tí a wà ní àjò fi sọ́kàn: oṣù méjìlá ni ó ní kí olùdìbò ti gbé ìlú, kò bèèrè ibi tí wọ́n ti gbé baba rẹ̀ wá. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Sàró, Àgùdà, gbogbo wọn tò pọ̀ mọ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Òfin ti òní náà kò yàtọ̀ lórí èyí: ibi tí ọmọ Nàìjíríà tí ó ti pé ọdún 18 ń gbé ni ó ti lè forúkọ sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì ṣí ilé lè gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ibi tuntun. Enugu alára ti fi èyí hàn. Ní àwọn ọdún 1950, ta ni ó jẹ Mayọ̀ àkọ́kọ́ ní ìlú yìí? Umaru Altine ni, Fúlàní láti Sókótó, ọmọ ẹgbẹ́ NCNC, tí ó ń gbé láàárín àwọn ará ìhín, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n nínú ìpàdé wọn. Àwọn àgbà ìlú yìí ṣì ń sọ ọ́ títí di òní.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 1923, Macaulay àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀, Nigerian National Democratic Party, ẹgbẹ́ òṣèlú àkọ́kọ́ tí ó múlẹ̀ dáadáa ní ilẹ̀ wa. Kò kọ́ ilé tuntun fún un. Orí ohun tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó gbé e lé: Ilé Dòsùnmú àti àwọn olóyè, Ìgbìmọ̀ Ìlú, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n pọ̀ jù ní Èkó, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àti àwọn ìyá ọjà. Èdè Yorùbá ni ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn ju ti Òyìnbó mìíràn lọ. Bí ìṣòro ọjà bá wà, wọ́n gbé e wá síwájú rẹ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ lé ẹnìkan kúrò lórí ilẹ̀, òun ni yóò kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Nítorí náà nígbà tí oṣù kẹsàn-án dé tí wọ́n dìbò, kò sí ẹni tí ó ń bèèrè kí ni ìbò wà fún. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Egerton-Shyngle, Eric Moore, àti Dókítà Adéníyì-Jones ni wọ́n wọlé. Wọ́n tún kó o ní 1928, wọ́n tún kó o ní 1933.

Àwọn ìyá ọjà wọ̀nyí ni ó yà mí lẹ́nu jù, èmi tí mo ń bá àwọn ìyá ọjà ná owó lójoojúmọ́. Wọn kò ní ìbò kankan. Síbẹ̀ àwọn ni agbára ẹgbẹ́ náà. Olórí wọn ni Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Ereko, Mùsùlùmí tí kò mọ̀wé kà. A máa sọ̀rọ̀ níbi ìpéjọ ẹgbẹ́ Macaulay, gbogbo ọjà a sì máa gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó di 1940 tí ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí ó ń rí ju £50 lọ lọ́dún, Pelewura àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ti ọjà pa ní oṣù Kejìlá, wọ́n sì rọ́ lọ bá ìjọba. Ìjọba gbé e sókè dé £200, èyí tí ó mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn bọ́. Ẹ fojú inú wo ọkọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ìbò. Ṣé yóò lè jókòó sílé ni?

Èyí kì í ṣe ìtàn Èkó nìkan. Ní òpópónà tí mo ń gbé níhìn-ín, ní ọdún tí ó ṣáájú ìbò 2023, ọ̀gbàrá gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà títí ó fi fẹ́ wọ ilé ènìyàn. A kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, a kò rí èsì. A bá pe ìpàdé, Igbo, Yorùbá, Hausa, gbogbo onílé àti ayálégbé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a jókòó. Ìjà kékeré ṣẹlẹ̀ lórí owó, ó sì parí. A ra símẹ́ńtì, a dí ojú ọ̀gbàrá náà dé ìwọ̀n tí owó wa mọ. Nígbà tí ọjọ́ ìbò dé, mo wo ìlà tí mo tò sí, mo sì rẹ́rìn-ín: àwọn ará gọ́tà ni! Ojú tí mo rí níbi ìpàdé símẹ́ńtì ni mo tún rí níbẹ̀, kódà ìyá kan tí ó ń fi ọ̀pá rìn. Àwọn tí kò yọjú sí ìpàdé wà lójú títì tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, nítorí ọkọ̀ kò rìn lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ojú ènìyàn kan ṣoṣo kò lè rí gbogbo ìlú. Ní Nàìjíríà lápapọ̀, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìbò lé ní mílíọ̀nù 93 ní 2023, àwọn tí ó sì jáde dìbò Ààrẹ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 25 lọ. Èkó Macaulay gan-an, tí ó ní ju mílíọ̀nù 7 olùdìbò, kò rí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ kó jáde. Wàhálà ẹ̀rọ wà, ìbẹ̀rù jàǹdùkú wà, ọ̀wọ́n owó àti epo bẹntiróòlù ọdún náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. N kò sọ pé ìpàdé nìkan ni yóò wò gbogbo rẹ̀ sàn.

Kí a padà sí ìtàn wa. Ọkùnrin tí ó ń kó ìlú lọ síbi ìbò yìí, òun fúnra rẹ̀ kò lè dupò rárá. Ní 1913 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó ná owó ogún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì ṣe ẹ̀wọ̀n. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ní ìjọba ló fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́; àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní owó ni owó ń jẹ́. Èmi kò sí níbẹ̀. Ní 1928 ó tún lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde pé wọ́n ń dìtẹ̀ láti pa Ẹlẹ́kọ̀. Ẹ̀wọ̀n wọ̀nyí ni ó dí ọ̀nà Ìgbìmọ̀ Aṣòfin mọ́ ọn títí ayé. Ẹlòmíràn ni ó ń wọlé, òun ni ó ń pe ìpàdé. Ẹni tí ó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí rí yóò mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀: kì í ṣe alága, kì í ṣe akápò, ṣùgbọ́n bí kò bá wá, ìpàdé kò ní dùn.

Níbẹ̀ náà sì ni àbùkù ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Orí ènìyàn kan ni ó dúró lé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí Ẹlẹ́kọ̀ ti padà dé, tí ọ̀rọ̀ omi àti ilẹ̀ ti rọlẹ̀, ìjà ilé ọba àti ìjà àárín ara wọn ni ó gba ìpàdé kan. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ wá ń ráhùn pé ọdún márùn-ún márùn-ún ni ẹgbẹ́ náà ń jí, tí ìbò bá dé, tí ó bá sì lọ, wọn a tún sùn. Wọ́n ní àwọn bàbá kò bi àwọn léèrè ohunkóhun. Ní 1934 àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, Dókítà Vaughan, Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya, H. O. Davies, dá tiwọn sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga Yábàá. Ní 1936 wọ́n sọ ọ́ ní Nigerian Youth Movement. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ni wọ́n ń jíròrò, wọ́n sì ń la ẹ̀ka sílẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ní 1938 wọ́n gba ìjókòó Èkó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ẹgbẹ́ Macaulay lọ́wọ́. Ohun tí bàbá ṣe fún Randle àti Ọbasá ni àwọn ọmọ ṣe fún bàbá.

Ẹlòmíràn ìbá fi ìbínú ké sí ìyàrá rẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 1944, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́ oríṣiríṣi péjọ ní Èkó láti dá NCNC sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ, wọ́n sì fi Nnamdi Azikiwe, ọmọ apá ìhín, ṣe akọ̀wé àgbà. Bàbá Yorùbá ẹni ọdún 79 àti ọmọ Igbo tí kò tíì pé 40, wọ́n jọ jókòó sídìí tábìlì kan. Mo ti rí i tí ènìyàn ìlú yìí tẹ́tí sílẹ̀ gan-an nígbà tí mo sọ èyí fún un ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ní 1946 ìjọba gbé òfin Gómìnà Richards jáde láìbi ará ìlú léèrè. NCNC ní àwọn yóò yí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ká láti gbọ́ tẹnu àwọn ènìyàn àti láti dá owó tí àwọn aṣojú yóò fi lọ sí London. Macaulay, ẹni ọdún 81, ní òun yóò lọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkè Ọya. Ní Kano ni àìsàn ti dá a dúró, wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 1946. Ikòyí ni wọ́n sin ín sí, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì tẹ̀ lé òkú rẹ̀. Àwọn ìyókù parí ìrìn àjò náà láìsí i, wọ́n sì dé London ní 1947.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1950, òfin ìdìbò Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó yí padà. Wọ́n fún gbogbo àgbà ní ìbò, tọkùnrin tobìnrin. Ẹgbẹ́ Macaulay pẹ̀lú NCNC ni wọ́n jọ borí, Dókítà Olorun-Nimbe sì jẹ Mayọ̀ Èkó. Alimotu Pelewura ṣì wà láyé nígbà náà. Ó rí ìbò yẹn kí ó tó kú ní 1951.